Ìró Tí Gbogbo Ilé Gbọ́

Nígbà tí Rodolphe rí Sylvestre tó ń ti alùpùpù náà bọ̀ láti orí ìdagẹ̀rẹ̀, ó dìde lórí àpótí tó jókòó lé, ó sì gbé sípánà ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó rò pé ìjà dé. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin Jeanne, ìyàwó Sylvestre, àwọn méjèèjì kò tíì bára wọn sọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìta kan náà ni wọ́n jọ ṣeré dàgbà ní Dassa, ọjọ́ kan náà ni wọ́n jọ gba Ara Olúwa fún ìgbà àkọ́kọ́.

Sylvestre ti alùpùpù náà dé abẹ́ igi máńgòrò tí Rodolphe ń ṣiṣẹ́ sí. Ó gbé e dúró. Òógùn bò ó lójú. Kò kí ẹnikẹ́ni.

"Tú u," ó ní.

"Tú kí ni?"

"Ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Tú u lójú mi. Mo fẹ́ mọ ohun tó pa ìyàwó mi."

Alùpùpù yìí kì í ṣe ti Sylvestre. Àkànní, bàbá Jeanne, tó ń kọ́ àwọn èèyàn ní katikísìmù ní abúlé Kèrè, ló rà á lọ́dún tí wọ́n bí Jeanne. Orí rẹ̀ ló fi ń ti abúlé kan dé òmíràn, nínú ẹ̀ẹ̀rùn àti nínú òjò, títí ọjọ́ ogbó fi dé. Nígbà tí kò lè gùn ún mọ́, kò gbé e fún Eustache tó jẹ́ àkọ́bí rẹ̀. Jeanne ló gbé e fún, ó ní òun nìkan ló ní sùúrù fún un. Òótọ́ sì ni. Ó ti pẹ́ tí àwọn tó ń ṣe irú rẹ̀ ti ṣíwọ́. Èèyàn tí kò bá mọ ìwà rẹ̀ lè fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú, kò ní dá a lóhùn. Jeanne mọ ìwà rẹ̀. Òun ló ń wà á, Sylvestre a jókòó sẹ́yìn, a gbá àpò iṣu mọ́ra. Àwọn ọkùnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìyàwó ló ń gbé e kiri. Sylvestre a dá wọn lóhùn pé, "Ẹni tó mọ ọ̀nà ni kó ṣáájú."

Ní ìparí òjò tó kọjá, Jeanne lọ kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ní Aklampa. Òun nìkan ló lọ. Nígbà tó ń bọ̀, ó kọjá Glazoué, ó bọ́ sí títì ńlá. Níbi tí ọ̀nà ti dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì náà ti há lójijì. Táyà ẹ̀yìn kò yí mọ́. Alùpùpù náà gbé e sọ sórí ọ̀dà. Awakọ̀ tírélà tó ń bọ̀ lẹ́yìn rí i, ó tẹ bíréèkì, ó sọ̀ kalẹ̀, ó gbé e lọ sí ọsibítù. Kí Sylvestre tó ti oko dé, ọlọ́jọ́ ti dé.

Kò tíì pẹ́ nígbà náà tí Rodolphe tú orí ẹ́ńjìnnì náà, tó pààrọ̀ òrùka pístọ̀n rẹ̀. Ìyẹn tó. Níbi ìsìnkú, Eustache dúró láàárín èrò, ó ní, "Ọwọ́ tó kan irin bàbá wa gbẹ̀yìn ni ọwọ́ tó pa àbúrò mi." Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Sylvestre náà kò dá a lóhùn. Ibi tí ó dákẹ́ sí yẹn ni gbogbo ìlú ti gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́. Àwọn onísẹ́míjàn tí ń fi alùpùpù gbé èrò, tí wọ́n ti máa ń kó ara wọn jọ sábẹ́ máńgòrò Rodolphe láti tàkúrọ̀sọ, bẹ̀rẹ̀ sí í gbé iṣẹ́ wọn lọ síbòmíràn. Tí wọ́n bá ń kọjá, apá kejì ọ̀nà ni wọ́n ti ń kí i. Rodolphe ń lọ sí Misà lọ́jọ́ Ìsinmi, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn pátápátá ló ń jókòó sí, a sì ti jáde kí àlùfáà tó súre ìkẹyìn.

Òun ló wá dúró níwájú alùpùpù náà yìí.

"Sylvestre, mi ò lè fọwọ́ kàn án."

"Kí ló dé?"

"Tí mo bá tú u, tí mo ní mi ò rí ẹ̀bi ara mi níbẹ̀, ta ló máa gbà mí gbọ́?"

"Èmi náà lójú. Èmi náà á rí i."

Rodolphe lọ bu omi, ó fi ọṣẹ fọ ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ jẹun. Ó tẹ́ àpò ìrẹsì sílẹ̀. Ó kúnlẹ̀.

Láti òkè ló ti bẹ̀rẹ̀. Bó ṣe ń tú nǹkan kọ̀ọ̀kan ló ń gbé e sórí àpò náà, tí ó ń sọ ohun tó jẹ́. Nígbà tó yọ pístọ̀n jáde, ó nà án sí Sylvestre.

"Fọwọ́ pa á."

Sylvestre fọwọ́ pa á. Ó ń dán, ó ń yọ̀, bí inú igbá tó ti pẹ́ lọ́wọ́ ìyá àgbà.

"Àwọn kan ń sọ pé epo kpayó, epo fàyàwọ́ tí ìyàwó rẹ rà nínú ìgò létí títì, ló bà á jẹ́," Rodolphe ní. "Àwọn mìíràn ní mi ò po òróró mọ́ epo rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì irú èyí, inú epo yẹn náà ni wọ́n ń po òróró sí. Tí òróró kò bá sí níbẹ̀, ara pístọ̀n á ya, bí ìgbà tí ológbò fi èékánná ya èèyàn. Wò ó dáadáa. Ṣé o rí ibi tó ya?"

"Mi ò rí."

"Òróró ṣì wà lára rẹ̀ títí di òní. Jeanne kì í gbàgbé òróró."

Ó ti pẹ́ tí orúkọ náà ti jáde lẹ́nu rẹ̀ gbẹ̀yìn.

Ìsàlẹ̀ ló wá ṣòro. Àwọn ìdè rẹ̀ ti dípẹtà mọ́ra wọn, ó ní láti máa fi òòlù kékeré lù wọ́n pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Nígbà tí ikùn ẹ́ńjìnnì náà pín sí méjì, àwọn irin wẹ́wẹ́ dà sórí àpò bí eyín tó ká. Biẹ́lì, ìyẹn ọ̀pá irin tó so pístọ̀n mọ́ irin yíyí tó wà nísàlẹ̀, ti ṣẹ́ sí méjì. Ẹnu ibi tó ti ṣẹ́ ti gún ògiri ẹ́ńjìnnì náà, ó sì là á. Rodolphe mú ìdajì kan, ó yí i síbìí, ó yí i sọ́hùn-ún. Ó wá ń fi ìka wá nǹkan láàárín òróró dúdú tó wà nísàlẹ̀. Ó ṣa àwọn ọ̀pá kéékèèké jáde, wọn kò tóbi ju hóró ìrẹsì lọ.

"Èyí ni," ó ní. "Rulumọ́ọ̀ ẹsẹ̀ biẹ́lì. Àwọn ọ̀pá wọ̀nyí ló ń yí nínú òrùka tí biẹ́lì fi ń rìn. Òrùka náà ló gbó, ó fọ́, àwọn wọ̀nyí sì dà jáde. Wọ́n há sáàárín irin. Bó ṣe di òkú irin nìyẹn."

"O fọwọ́ kan ibẹ̀ nígbà yẹn?"

"Rárá. Orí nìkan ni mo ṣí. Ibí yìí, kò jọ pé ẹnikẹ́ni ti ṣí i rí láti ìgbà ayé bàbá àna rẹ."

Sylvestre mí kanlẹ̀. Rodolphe ì bá ti dákẹ́ síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ti tó láti dá a láre. Ṣùgbọ́n ó fi aṣọ nu ọwọ́ rẹ̀ léraléra, kò sì gbójú sókè.

"Nǹkan kan wà tí mi ò tíì sọ. Lọ́jọ́ tí mo parí iṣẹ́, mo gùn ún lọ díẹ̀ láti dán an wò. Mo gbọ́ ìró kan nísàlẹ̀. Kò pọ̀. Bí ìgbà tí èèyàn ń fi ìka kan ilẹ̀kùn. Mo sọ fún ara mi pé irin tó ti dàgbà kì í ṣàìkùn. Mo sì fún Jeanne ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀."

Èèyàn lè rò pé Sylvestre máa fò mọ́ ọn. Kò fò mọ́ ọn. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú ọ̀kan nínú àwọn ọ̀pá kéékèèké náà, ó gbé e sí àtẹ́lẹwọ́.

"Ìró yẹn ti wà kí o tó fọwọ́ kàn án," ó ní. "Láti ìgbà tí a ti ń ṣa kajú ni mo ti ń gbọ́ ọ. Jeanne ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ó ní, 'Bàbá Estelle, gbọ́ bàbá mi, ó ń wúkọ́.' A jọ rẹ́rìn-ín." Ó pa ọwọ́ dé. "Mo jókòó sẹ́yìn rẹ̀, mo sì rẹ́rìn-ín."

Rodolphe yí ojú sí ibi tí àwọn òkè wà, kí ó má bàa máa wo ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló ní, "O ti mọ ohun tó o fẹ́ mọ̀. Jẹ́ kí n kó o jọ sínú àpò, kí o gbé e lọ."

"Tún un ṣe."

"Fún ta ni?"

"Mi ò mọ̀. Ṣùgbọ́n mi ò lè fi í sílé báyìí, bí òkú tí wọn kò sin."

Bí iṣẹ́ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Rodolphe kò ní oníbàárà mìíràn tó ń dí i lọ́wọ́. Tí Sylvestre bá ti oko dé, abẹ́ máńgòrò ló ń gbà lọ, a jókòó ti ọpọ́n epo, a máa fọ irin. Kò mọ̀ ju ìyẹn lọ, ṣùgbọ́n ó ń fọ̀ wọ́n títí wọn á fi mọ́ kọjá bó ṣe yẹ.

Wọ́n lọ bá Kàmọ́rù, àgbàlagbà tó ń ta ẹ̀yà ara alùpùpù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Dassa, pé àwọn ń wá biẹ́lì. Kàmọ́rù ń ti ìrun ọ̀sán dé. Ó gba èyí tó ṣẹ́ lọ́wọ́ wọn, ó gbé e sún mọ́ ojú.

"Kò sí irú èyí níbí mọ́," ó ní. "Ṣùgbọ́n àbúrò mi kan wà ní Parakou tí kì í da nǹkan nù. Mo máa pè é." Ó wo Sylvestre. "Ìyàwó rẹ kì í rán ẹnikẹ́ni. Òun fúnra rẹ̀ ló ń wá ra búùjì tó ń ta iná fún ẹ́ńjìnnì. Tí mo bá mú èyí tí kò bá a mu, ó ti máa ń sọ fún mi kí n tó gbé e dé orí káńtà. Ẹ kú ọ̀fọ̀. Ó yẹ kí n ti wá kí ọ nílé."

"Ẹ ṣé, Bàbá."

Biẹ́lì náà dé nínú bọ́ọ̀sì tó ń bọ̀ láti àríwá. Wọ́n gbé irin yíyí àti ikùn ẹ́ńjìnnì náà lọ sí Bohicon, lọ́dọ̀ àwọn tó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ irin wọ inú irin, nítorí iṣẹ́ yẹn kọjá òòlù. Sylvestre gbé e lé itan rẹ̀ nínú ọkọ̀ ní àlọ àti ní àbọ̀. Nígbà tí wọ́n fi máa padà, wọ́n ti jó ibi tó là pọ̀, ó kàn ku àpá gbọọrọ kan lára rẹ̀.

Kí wọ́n tó kó o jọ ni Sylvestre sọ fún Rodolphe pé òun ń lọ sí Kèrè.

Eustache wà ní àgbàlá, ó ń gbẹ́ igi tí wọ́n máa fi gbé ewé iṣu. Ìyá wọn, Àìná, jókòó sábẹ́ ìbòòji ilé, ó ń bó ẹ̀gúsí sínú abọ́. Sylvestre bẹ̀rẹ̀ kí àwọn méjèèjì. Ìyá náà dáhùn. Eustache kò dáwọ́ igi tó ń gbẹ́ dúró.

"Wọ́n sọ fún mi pé o gbé irin bàbá mi lọ fún apànìyàn."

"Ẹ̀gbọ́n, torí ẹ̀ ni mo ṣe wá."

Ó sọ gbogbo rẹ̀ bó ṣe rí: pístọ̀n tí kò ya, òróró tó ṣì wà níbẹ̀, rulumọ́ọ̀ tó fọ́ níbi tí Rodolphe kò ṣí. Ó sọ ìró tí Rodolphe gbọ́. Eustache ju àdá sílẹ̀.

"O rí i! Ó gbọ́ ọ! Ó gbọ́ ọ, ó sì jẹ́ kí ó gùn ún lọ!"

"Èmi ti gbọ́ ọ ṣáájú rẹ̀," Sylvestre ní. "Ó pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ ọ. Tó bá jẹ́ ọwọ́ tó pa á lẹ ń wá, ẹ̀gbọ́n, ẹ bẹ̀rẹ̀ lórí tèmi. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí ẹ ń dá Rodolphe lẹ́bi níwájú pósí, mo mọ̀ pé mo gbọ́ ìró yẹn, mo sì panu mọ́."

Eustache dìde. Igi tó ń gbẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Sylvestre kò kúrò lójú kan.

"Eustache, jókòó," ìyá wọn ní.

Kò gbé ohùn sókè. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà nínú abọ́ ẹ̀gúsí.

"Nígbà tí àbúrò rẹ wá bá wa jẹ iṣu tuntun, ta ló gba alùpùpù lọ́wọ́ rẹ̀ tó gùn ún lọ sóko?"

Eustache gbójú sí igi ọwọ́ rẹ̀.

"Nígbà tó o dé, kí ni mo bi ọ́? Mo ní, 'Kí ló ń kan nínú irin bàbá yín yìí?' O ní, 'Ìyá, irin àgbà ni, kò sí nǹkan.' Mo sì dákẹ́." Ó gbé abọ́ náà sílẹ̀. "Èmi tí mo bí i, mo gbọ́ ọ, mo dákẹ́. Ta wá ni kí n lọ dá lẹ́bi?"

Igi náà bọ́ lọ́wọ́ Eustache. Ó yíjú, ó gba ẹ̀yìn ilé jáde sáàárín àwọn igi kajú, kò sì padà. Sylvestre kò mọ bóyá kí òun tẹ̀ lé e. Ìyá náà mi orí fún un.

"Fi í sílẹ̀. Ìyẹn ló ti ń jẹ ẹ́ láti ọjọ́ yìí. Máa lọ, kí oòrùn tó wọ̀. Ọmọ mi kan ti lọ. Ẹ má ti ẹlòmíràn tẹ̀ lé e."

Lọ́jọ́ tí wọ́n máa gbé ẹ́ńjìnnì náà padà sí ipò rẹ̀, ọyẹ́ mú, eruku sì bo ojú àwọn òkè débi pé wọ́n dà bí òjìji. Rodolphe ti kó gbogbo rẹ̀ jọ. Ó di ìdè tó kẹ́yìn, ó yí irin náà pẹ̀lú ọwọ́, ó fi etí sí i, ó sì tún yí i. Bó ṣe ń yí i lọ́wọ́ ni alùpùpù kan yà wọ abẹ́ máńgòrò. Eustache ló wà lórí rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́," ó ní.

Rodolphe dìde nàró. "Ẹ ṣé."

Eustache kàn ń wò wọ́n ni. Kò jókòó sórí àpótí tí Sylvestre tì sí i. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn méjèèjì fẹ́ gbé ẹ́ńjìnnì náà, tí ọwọ́ Sylvestre sì fẹ́ yọ̀, Eustache bọ́ ẹ̀wù rẹ̀, ó kó ọwọ́ sábẹ́ ẹ́ńjìnnì náà, ó sì gbé e mọ́ àyà. Bó ṣe gbé e dúró nìyẹn títí Rodolphe fi ki gbogbo ìdè náà bọ̀ ọ́. Òróró ta sí síngílẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Kò nù ún.

Rodolphe po òróró mọ́ epo lójú wọn, ó rọ ọ́ sínú táńkì. Ó wo Sylvestre.

"Ìwọ ni kó o tẹ̀ ẹ́."

"Mi ò mọ̀ ọ́n tẹ̀. Òun ló máa ń tẹ̀ ẹ́."

"Tẹ̀ ẹ́."

Sylvestre tẹ̀ ẹ́. Kò dáhùn. Ó tún tẹ̀ ẹ́, ó tún tẹ̀ ẹ́. Rodolphe ṣí nǹkan kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ní kó má fipá tẹ̀ ẹ́ mọ́, kó fi ìwọ̀n ara rẹ̀ lé e ni. Ó fi ara rẹ̀ lé e. Ẹ́ńjìnnì náà wúkọ́, ó pọ èéfín funfun jáde, ó fẹ́ kú, kò kú. Ó gbà.

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tẹrí ba sórí rẹ̀. Wọ́n ń gbọ́ ohùn rẹ̀ bó ṣe ń lọ sókè tó ń wá sílẹ̀, wọ́n ń wá ìró yẹn nínú rẹ̀, bí ẹni tó ń fi etí sí àyà aláìsàn.

"Kò sí," Eustache ní nígbẹ̀yìn.

"Kò sí mọ́," Rodolphe ní.

Sylvestre fi wọ́n sílẹ̀ níbẹ̀, ó lọ jókòó sórí gbòǹgbò máńgòrò. Ẹkún tí kò sun níbi ìsìnkú ló wá sun níbẹ̀, lójú àwọn tó ń kọjá. Àwọn méjì yòókù kò rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Rodolphe jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì náà máa ṣiṣẹ́ lọ, nítorí pé ó ní láti gbóná dáadáa kí wọ́n tó pa á.

Nígbà tí ojú rẹ̀ wálẹ̀, Sylvestre pe Estelle, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí òun àti Jeanne bí, tó ń kàwé ní Parakou. Kò mọ ohun tó yẹ kó sọ, ó kàn na fóònù sí ẹ́ńjìnnì náà. Ọmọ náà béèrè bóyá ó ṣì ń rú èéfín. Bàbá rẹ̀ ní ó ń rú. "Màmá ní kò ní fi ìyẹn sílẹ̀ láé," Estelle ní, ó sì pa fóònù.

Sylvestre sọ fún Eustache pé kó máa gbé alùpùpù náà lọ sí Kèrè, ilé bàbá rẹ̀ ló ti jáde. Eustache kọ̀.

"Bàbá mọ ẹni tó gbé e fún. Kó wà nílé rẹ de Estelle. Tó bá lóun kò fẹ́, kó ṣáà wà níbẹ̀."

Ó wọ ẹ̀wù rẹ̀. Ó lọ sídìí alùpùpù tirẹ̀, kò gùn ún. Ó dúró tì í, ó ń fi ọwọ́ pa ìjókòó rẹ̀.

"Rodolphe."

"Ẹ̀gbọ́n."

"Tèmi yìí náà ń dún."

"Láti ìgbà wo?"

"Ó ti pẹ́."

Rodolphe rìn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó na ọwọ́, Eustache sì fi kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́. "Ẹ kò ní gùn ún lọ," Rodolphe ní. "Níbí ló máa sùn."

"Ó dáa."

Ìyẹn nìkan ni ọ̀rọ̀ tó wà láàárín wọn lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n gbogbo èèyàn ló mọ alùpùpù Eustache. Àwọn onísẹ́míjàn rí i tó dúró lábẹ́ máńgòrò, àwọn tó ń ti ibi ìsìn bọ̀ rí i. Kí ọjà tó ń bọ̀ tó ná, ẹni méjì ti tún gbé tiwọn wá.

Eustache bọ́ sọ́nà Kèrè pẹ̀lú ẹsẹ̀. Sylvestre dìde, ó sìn ín. Wọ́n gba ẹ̀bá àpáta, eruku ọyẹ́ ń fẹ́ sí wọn lójú. Nígbà tí wọ́n rìn jìnnà díẹ̀, Eustache bi í.

"Kí lo ń jẹ nílé báyìí?"

"Ohun tí mo bá rí."

"Ìyá ní kó o wá kó iṣu. Ó ní kó o má jẹ́ kó pẹ́."

"Mo máa wá, ẹ̀gbọ́n."

"Wá báyìí," Eustache ní, wọ́n sì jọ ń lọ.